Ọ̀kèlè Mẹ́ta, Inú ti Kún

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, a kì í fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré. Ẹni tí a bu iyán fún, tí ó sì jẹ ẹ́ tán, ti bu ọlá fún onílé. Àwọn baba wa ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nítorí náà, ó ṣòro láàrin wa kí ènìyàn jẹ ọ̀kèlè mẹ́ta, kí ó sì wí pé òun yó. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ilé, wọn a ní ó ń gbéraga, tàbí pé kò fọkàn tán ẹni tí ó se ọbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ arúgbó, wọn a ní ọjọ́ ogbó ni.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò wa obìnrin kan gbọ́ fún oṣù púpọ̀ nílé ọkọ. Bí ó bá ti jẹ díẹ̀, ikùn rẹ̀ a le bí ẹni tí ó jẹ oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Nígbà tí ó pẹ́, ó ń dá jẹun nínú yàrá, kí ojú má baà wo àwo rẹ̀. Ìtìjú yìí dùn wá ju àìsàn náà lọ, nítorí òun ni ó fa ìtọ́jú sẹ́yìn. Ìgbà tí aṣọ rẹ̀ ń ṣò lára rẹ̀ ni ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àyẹ̀wò tí a ń pè ní fibroscopie fi hàn pé ọgbẹ́ wà nínú àpòlúkù rẹ̀.

Àwọn dókítà pàápàá ti di ẹ̀bi ọgbẹ́ yìí ru ìrònú àti ata rí. Ní 1984, Barry Marshall, dókítà ará Australia, mu omi tí kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ sì wú. Òun àti Robin Warren ni wọ́n fi hàn pé kòkòrò náà, Helicobacter pylori, ni ó ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti aspirin, tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, lè fa ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Àpòlúkù kì í ṣe ìkòkò lásán. Bí oúnjẹ bá wọ inú rẹ̀, a rọ̀, a gbòòrò, a lọ̀ ọ́, a sì tì í díẹ̀díẹ̀ sínú ìfun. Bí kò bá lè gbòòrò, tàbí bí kò bá tètè sọ ẹrù rẹ̀, ọ̀kèlè díẹ̀ ti kún un. Àtọ̀gbẹ tí ó pẹ́ lára lè ba iṣan tí ń darí rẹ̀ jẹ́, tí oúnjẹ àárọ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ti ọ̀sán dé. Ẹ̀dọ̀ tí ó wú lè fún un mọ́lẹ̀. Àìrígbẹ́yà náà ń dá kún un.

Jíjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́ lè dẹ ara lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò rọ́pò àyẹ̀wò. Bí ènìyàn bá ń rù, tí ó ń bì, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ó má ṣe dúró rárá, nítorí jẹjẹrẹ àpòlúkù a máa bẹ̀rẹ̀ báyìí nígbà mìíràn.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, àbúrò wa padà sídìí àwo pẹ̀lú àwọn ará ilé. Ohun tí a ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń bu oúnjẹ, ni pé bí àwo bá padà láìtán, kí ẹ má ṣe béèrè bóyá ọbẹ̀ kò dùn. Ẹ béèrè pé, “Láti ìgbà wo ni?”