Pàṣán Tí A Fi Na Ìyálé

Nínú agbo ilé àwọn baba wa, a kì í ṣàdédé lé àgbàlagbà síta. Bí àlejò bá wọ ìlú, ọ̀dọ̀ baálé ni wọn yóò mú un lọ. Baálé yóò fún un ní yàrá, yóò sì di ọ̀kan nínú ará ilé. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn àgbà yóò jókòó lé e lórí. Ìwà ni àlejò fi ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ilé ti di ọjà. Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ ní láti sanwó kí ó tó rí ibi forí pamọ́ sí.

Satellite Town tí mò ń gbé wà lẹ́bàá títì tí ó lọ sí Àgbádárìgì, kò jìnnà sí Festac tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ọdún 1977. Àwórì, Ègùn, Ìgbò, Ẹ̀dó, gbogbo wa la jọ ń gbé níbẹ̀. Ní ọdún 2018, ìyá kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa, opó tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti lo ohun tí ó ju ogún ọdún lọ nínú yàrá méjì, kò sì jẹ owó ilé rí. Nígbà tí onílé kú, ọmọ rẹ̀ fẹ́ tún ilé náà ṣe kí ó lè máa gba owó tí ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni èyí. Ọ̀nà tí ó gbà ni kò tọ́. Kò fún ìyá ní kúìtì, kò sì lọ sí kóòtù. Ó gé iná, ó ti ẹ̀rọ omi pa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nínú òjò, ó rán káfíńtà kí ó wá ṣí páànù orí yàrá ìyá náà.

Ọmọkùnrin Ìgbò kan tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Trade Fair ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó fa wáyà láti ilé tirẹ̀ wá sí yàrá “Mama”. Àwọn obìnrin àdúgbò ń pín omi kẹ́ẹ̀gì gbé fún un. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lu káfíńtà, ṣùgbọ́n tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì dá wọn dúró. Ó ní: “Ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọ́n rán an níṣẹ́ ni. Bí ẹ bá lù ú, ẹjọ́ ìyá yìí di ẹjọ́ ìjà nìyẹn.” Bàbá yìí ni ó kó gbogbo rìsíìtì ìyá jọ, tí ó sì ń kọ ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wa ni ó dìde. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ onílé kò kan àwọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí onílé tiwọn má baà gbọ́. Wọ́n gbàgbé pé pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Òfin kò ṣe aláìsọ̀rọ̀. Èyí tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011, nígbà Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, ní kí onílé fún ẹni tí ń san owó ọdọọdún ní oṣù 6, bí wọn kò bá ti ní àdéhùn mìíràn. Lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ 7, lẹ́yìn èyí kóòtù. Ẹni tí ó bá halẹ̀ mọ́ ayálégbé tàbí tí ó fipá lé e, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 250,000 náírà, tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6. Ìjọba pàápàá kò ga ju èyí lọ. Ní ọdún 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ bá ìjọba ológun Èkó wí, nítorí pé ó fipá lé Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù.

Rìsíìtì wọ̀nyí ni a kó lọ sí Citizens’ Mediation Centre, níbi tí ìpínlẹ̀ Èkó ti ń parí irú aáwọ̀ báyìí láìgba owó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà láti dá páànù padà, ó sì fún ìyá ní oṣù 6. Nígbà tí oṣù náà pé, ìyá kó lọ sí yàrá kan tí a bá a wá ní òpópónà kejì. Ilé náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni ó jáde, àwa ni a ru ẹrù rẹ̀, òjò kò sì lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ń gbé ìlú ńlá, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín, kí ẹ sì máa kí ará ojúlé kejì. Ẹni tí a kò kí láàárọ̀, ó ṣòro láti ké sí i lóru.