Ọmọ Ni Mo Nà, Kannakánná Ló Jẹ̀bi

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ajá ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ pé kí ló kan àgbàlagbà nínú oúnjẹ ajá. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi ná.

Ní ọdún 2016, a ní ajá kan nílé wa ní Ìbàdàn, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ẹni tí mo fi orúkọ yẹn bá wí wà ládùúgbò, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ là ń sọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé; bó bá di alẹ́, a ó tú u sílẹ̀ kó máa ṣọ́ ilé. Ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ló ń bọ́ ọ. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà náà. Abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀fàdà ni bàbá rẹ̀ ti ń gbin ìrẹsì, ìyá rẹ̀ ló ní kó wá bá mi gbé kó lè rí iléèwé gidi lọ. "Bàbá Ìbàdàn" ló ń pè mí.

Láàárọ̀, kó tó lọ síléèwé, á da oúnjẹ ajá sínú abọ́ tánganran ńlá kan: ẹ̀bà àná, orí ẹja, eegun, nígbà mìíràn ìrẹsì tó gbá mọ́ ìdí ìkòkò. Nígbà tá a bá fi máa dé nírọ̀lẹ́, abọ́ á ti mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ta ni kò ní sọ pé ajá ti yó?

Àfi bí Tanímọ̀la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó rù títí èèyàn fi lè ka egungun ìhà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní aràn ni. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, wọ́n fún un lóògùn aràn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìrù. Dókítà wá wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ajá yìí ń jẹun ṣá?" Ẹ wo ìtìjú! Èmi tí mò ń ra orí ẹja lọ́jà Bódìjà nítorí ajá!

Bí mo ti ń wa ọkọ̀ bọ̀ wálé ni mo ti dá ẹjọ́. Ọmọ yìí ló ń jẹ ẹja náà, tàbí kó máa gbé e fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo pè é. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò jẹ ẹ́. Mo ní ta ló wá jẹ ẹ́? Ó wolẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbàdàn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ẹyẹ ni o."

Ẹyẹ kẹ̀! Ajá tó ń gbó mọ́ ọkọ̀ panápaná, ẹyẹ ni yóò wá gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀? Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo mú pàṣán, mo nà án, kì í sì í ṣe nínà kékeré. Ìyàwó mi ń sọ pé, "Dádì, ó tó, ó tó," n kò gbọ́. Ọmọ náà kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú sí i lọ́jọ́ yẹn. Òun náà sì ni mi ò tíì gbàgbé.

Nígbà tí ọdún Iléyá kù díẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí òun lọ kí ìyá òun. Mo fún un lówó ọkọ̀. Èmi fúnra mi ló wá di ẹni tó ń bọ́ ajá.

Lọ́jọ́ ìsinmi, mo da oúnjẹ sínú abọ́, mo jókòó sídìí fèrèsé ilé ìdáná, mo tan rédíò mi. Tanímọ̀la jẹ ẹnu méjì, ooru mú un, ó lọ nà gbalaja sábẹ́ igi. Ẹyẹlé ló kọ́kọ́ dé, mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n ń ṣa ìrẹsì. Ìyẹn kò tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ni kannakánná méjì bà lé orí fẹ́ńsì, dúdú láti orí dé ìrù, àfi àyà àti ọrùn tó funfun báláú. Ọ̀kan fò sílẹ̀. Ó rọra ń rìn bí ọ̀gá ọlọ́pàá títí tó fi dé ẹ̀yìn ajá, ó wá fi àgógó ẹnu rẹ̀ fa ajá nírù! Tanímọ̀la fò dìde, ó lé e títí ṣéènì fi fà á lọ́rùn. Kó tó yíjú padà, èkejì ti gbé orí ẹja dé orí òrùlé. Wọ́n tún ṣe é. Wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Kò tó wákàtí kan tí abọ́ fi mọ́.

Rédíò ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó rí gbogbo rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó wò mí, ó padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ó yẹ kí n wọkọ̀ lọ bẹ ọmọ lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí, ogun ẹyẹ ni mo gbé kalẹ̀. Mo so agolo mílíìkì mọ́ okùn. Ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ń bà lé okùn náà. Mo fi agbádá àtijọ́ kan wọ igi bí àwọn àgbẹ̀ ti í ṣe lóko; ẹyẹlé bà lé e, ó ṣu sí i. Mo fa téèpù kásẹ́ẹ̀tì láti orí igi dé ara fẹ́ńsì, tó ń dán nínú oòrùn, tó ń hun nínú afẹ́fẹ́. Ìyẹn ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ni mo bá ra kànnàkànnà láti fi lé kannakánná (ẹ má jẹ́ kí ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì dà yín láàmú). Òkúta kejì tí mo ta, gíláàsì fèrèsé aládùúgbò ló bà. Mo san án.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹyẹ yẹn ti dá mi mọ̀. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, igbe ni wọn ó fi bọnu. Ìyàwó mi á kọjá, wọn ò ní ké. Kì í ṣe ojú mi ló ń ṣe mí. Ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kan wọ ìbòjú mú kannakánná ilẹ̀ wọn, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ẹni tó bá ti wọ ìbòjú yẹn kọjá, àwọn ẹyẹ náà á máa pariwo lé e lórí.

Iléèwé wọlé, ọmọ kò dé. Àbúrò mi tẹ̀ mí láago, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ó ní inú ń run òun." Èmi mọ̀ pé kì í ṣe inú rírun. Mo wa ọkọ̀ lọ.

Inú oko ìrẹsì ni mo ti bá a, ó dúró lórí pẹpẹ igi, ó ń sọ̀kò sí ẹyẹ ẹ̀gà. Mo ní, "Sọ̀kalẹ̀ wá. Mo rí àwọn ẹyẹ náà. Èmi ni mo jẹ̀bi, má bínú." Bàbá rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tó bẹ́ẹ̀." Ọmọ náà kò kọ́kọ́ dáhùn. Ó tún sọ̀kò kan. Nígbà tó yá ó ní, "Bàbá Ìbàdàn, agolo ò lè lé wọn. Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ wà nílẹ̀ ni. Ẹ bọ́ ajá kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ tún bọ́ ọ nígbà tí ẹyẹ bá ti wọ̀. Ẹ dúró tì í títí á fi jẹ tán, kẹ́ ẹ gbé abọ́ wọlé. Ẹyẹ tó bá wá lọ́jọ́ mélòó kan tí kò bá nǹkan, ilé ẹlòmíràn ló ń lọ."

Mo ní, "Ṣé o ti mọ èyí tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló dé tó ò sọ?"

Ó ní, "Ẹ ò bi mí."

Kò bá mi padà lọ́jọ́ yẹn, n kò sì fi ipá mú un. Mo ṣe bó ṣe wí. Láago mẹ́fà òwúrọ̀, èmi àti Tanímọ̀la nìkan ni a máa ń wà lẹ́yìnkùlé, èmi pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Kì í jẹun ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Omi nìkan là ń fi sílẹ̀ fún un. Dókítà ẹran náà fọwọ́ sí i, ó ní ìgbẹ́ ẹyẹ nínú abọ́ ajá kò dára, pàápàá láti ìgbà tí àìsàn bird flu ti wọ ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ní ìpínlẹ̀ Kàdúná lóṣù kejì ọdún 2006. Kó tó di Kérésìmesì, egungun ìhà ajá ti bò.

Oṣù kìíní ọdún 2017 ni ọmọ náà tó dé, pẹ̀lú àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà lórí. Kò tilẹ̀ wọlé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà. Tanímọ̀la fẹ́rẹ̀ẹ́ já ṣéènì. Mo tẹ̀lé e síta, bí mo ti yọjú báyìí, kannakánná méjì bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí òrùlé, kà, kà, kà. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò wọ́n, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá Ìbàdàn, àwọn yìí ṣì ń bínú yín o."