Bàtà Ọlọ́lá, Ẹsẹ̀ Dírẹ́bà

Ibì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, níbi tí àtàǹpàkò ti so mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tó máa ń ro mí bí mo bá ti wakọ̀ dé Ìbàfò. Kì í ro mí ní Berger. Kì í ro mí lórí Long Bridge, àfi bí màlúù ọjà Kàrá bá dí wa lọ́nà. Ìbàfò ló yàn láàyò. Á máa ro mí títí a ó fi kọjá Mówe, bí ọ̀nà bá sì ti là, tí mo tẹná, á fi mí sílẹ̀ lọ bí ẹni pé òun kọ́.

Ìrora tí kò tó nǹkan ni. Mi ò lè torí ẹ̀ lọ sí ọsibítù, mi ò sì jẹ́ dárúkọ rẹ̀ níbi tí ẹni tí eékún ń dùn bá wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1978, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kìlómítà 127 péré ni, wákàtí tí èèyàn ń lò lórí ẹ̀ kò bá kìlómítà tan mọ́. Àyè á wà láti ro ẹsẹ̀ ara ẹni wò.

Ọkọ̀ tí mo ń wà kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ òsì mi ti di èrò, ó kàn jókòó ni. Ọ̀tún ló ń dá iṣẹ́ ṣe. Gìgísẹ̀ á fìdí múlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọkọ̀, iwájú ẹsẹ̀ á máa yí láti orí tọ́tù bọ́ sórí bíréèkì. Lórí ọ̀nà tó dán, iṣẹ́ yẹn kò tó iṣẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ̀tá rẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹsẹ̀ kò tẹ bíréèkì pa, kò sì fi í sílẹ̀. Ó gbé ara rẹ̀ dání lókè, ó ń ṣọ́ ìdí ọkọ̀ tó wà níwájú, iṣan ojúgun ń fà á, ìgbà tó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ojú ibi kékeré tí mo wí yẹn ló fi ń sọ̀.

Wá wọ bàtà gogoro sí ẹsẹ̀ yẹn. Gìgísẹ̀ tó yẹ kó fìdí múlẹ̀ ti wà lókè, orí ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ kò ju èékánná lọ ló dúró lé, ọ̀pá náà á sì máa rìn kiri lórí rọ́ọ̀gì ọkọ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ ti nà tán kó tó kan bíréèkì, torí náà itan ni yóò máa gbé ẹsẹ̀ lọ, gbé e bọ̀. Sálúbàtà tí kò ní ìdè lẹ́yìn kò sàn jù ú lọ, torí ó lè ṣẹ́po sábẹ́ bíréèkì. Bàtà tí ìdí rẹ̀ nípọn kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìwọ̀n tí òun tẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ lásán wakọ̀, mi ò bá wọn jà. Onídanfó tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti Ọ̀ṣòdì fún ọdún gbọọrọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti di bàtà. Tèmi kò tíì débẹ̀. Ohun tí mo kàn fẹ́ bi í ni pé níbo ló bọ́ bàtà sí? Bàtà tó wà nílẹ̀ lè yí bọ́ sábẹ́ bíréèkì nígbàkígbà. Ohun tó rọ̀ ju bàtà lọ ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ní 2009, Toyota kéde ìpadàbọ̀ ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ní Amẹ́ríkà nítorí rọ́ọ̀gì tó lè há tọ́tù mọ́lẹ̀. Camry wà lára wọn, ẹ sì mọ ìlú tí Camry Amẹ́ríkà ti ń lo ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Mo ra kánfáàsì kan ní Yábà. Ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́, imú rẹ̀ kò gbòòrò, ó ní okùn. Mo sún àga síwájú, kí eékún mi ṣì lè ṣẹ́ díẹ̀ nígbà tí bíréèkì bá wọlẹ̀ tán. Ìrora Ìbàfò dín kù. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé àríyá ló sábà máa ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn, tí kánfáàsì á máa yọjú lábẹ́ ìró léèsì bí àlejò tí wọn ò pè.

Ìwé tí àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní Highway Code kò ya bàtà sọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Abala 97 rẹ̀ ní kí awakọ̀ rí i pé bàtà àti aṣọ òun kò dí òun lọ́wọ́ láti lo ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Bàtà, àti aṣọ. Ìgbà tí mo rí ìyẹn ni mo tó wo ara mi láti òkè délẹ̀ nínú ọkọ̀. Gèlè mi ń ha òrùlé. Nítorí gèlè ni mo ṣe dẹ àga sẹ́yìn tí mo sì sún un jìnnà. Nítorí àga ni ẹsẹ̀ ṣe ń nà gbọọrọ kó tó kan bíréèkì. Lọ́jọ́ àríyá, gèlè ló ń ro mí lẹ́sẹ̀.

Màmá mi ní ìjàpá kan, ọ̀kan lára àwọn Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, ní 1975. Bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ìjàpá kì í rọ̀ láti òkè bíi tàwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí. Inú ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti hù jáde, èèyàn ní láti gbé ẹsẹ̀ lé wọn lórí gan-an kó tó tẹ̀ wọ́n. Bàtà pẹlẹbẹ kan tó ti pupa rúsúrúsú ni màmá mi fi ń wà á. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ dé ìdajì níbi tó ti ń ha ilẹ̀. Tòsì ṣì pé. Èmi ni mo máa ń gbé bàtà àríyá wọn lé itan ní ìjókòó ẹ̀yìn. Aláwọ̀ góòlù ni, ó bá báàgì mu, inú ọ̀rá ló wà. Bí mo bá yọjú wo inú rẹ̀, màá rí ojú ìka márààrún tó ti dúdú sára awọ, ti àtàǹpàkò ló jìn jù. “Má gbé e sílẹ̀ o,” ni wọn á máa wí láti iwájú, wọn ò ní bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní ó lè yí wá bá àwọn lábẹ́ ẹsẹ̀.

Wọn kì í páàkì sẹ́nu ọ̀nà ibi àríyá. Abẹ́ igi máńgòrò ni, tàbí ẹ̀yìn kọ́nà, níbi tí ojú àwọn tó wà lábẹ́ àgọ́ kò tó. Wọn á ṣí ilẹ̀kùn, wọn á na ẹsẹ̀ méjèèjì síta, wọn á gba ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Bàtà pẹlẹbẹ á wọ abẹ́ àga. Wọn á dìde, wọn á tún ìró ró. Obìnrin tó wakọ̀ wá ti tán nìyẹn. Èyí tó ń lọ sábẹ́ àgọ́ jọ ẹni tí wọ́n gbé wá.

Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń rán aṣọ iyì fún nílẹ̀ wa. Ẹ wo ọkùnrin tó fẹ́ wọ agbádá wakọ̀: á ká a lé èjìká, apá kan á tún bọ́ sórí jíà, á tún un ká. Nígbẹ̀yìn, á fi í kọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, á fi bùbá wakọ̀, á wá lọ wọ̀ ọ́ nídìí búùtù. Aránṣọ mi máa ń wọn àyà, á wọn ìdí, á bi mí irú ọrùn tí mo fẹ́. Kò bi mí rí pé ta ni yóò wakọ̀.

Kí wá ni ti ẹlẹ́ṣin? Ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun máa ń gun ẹṣin jáde nínú agbádá ńlá àti ìlẹ̀kẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé aṣọ yẹn kò bá ìrìn mu. Gígun ẹṣin náà gan-an ni wọ́n fi ń ṣàríyá. Láti fìlà dé bàtà la ti ń wo ẹni tó wà lórí ẹṣin. Mọ́tò ló la èèyàn sí méjì, tó fi ohun tó wà lókè fèrèsé fún aráyé, tó sì fi ohun tó wà nísàlẹ̀ fún dírẹ́bà.

Lónìí, a ti pọ̀ níbi tí wọ́n ń páàkì sí nílé àríyá. Obìnrin kan á fọwọ́ kan di òrùlé ọkọ̀ mú, á máa ti ẹsẹ̀ bọ bàtà gogoro. Ẹlòmíì á gbé gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé orí, á ní kí n bá òun wo ẹ̀yìn. Àwọn ọmọdébìnrin ní kí la ń ṣe gbogbo wàhálà yìí sí, kí n kúkú wọ kánfáàsì wọlé. Mo kọ̀. Ojú ọ̀nà ni mo ti ń wá ìrọ̀rùn. Nílé àríyá, gíga ni mo fẹ́.

Màmá mi náà ò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo àdúgbò ló mọ ariwo ìjàpá yẹn, ìdí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, èèyàn á ti gbọ́ ọ kó tó yọ. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ àgọ́ ló mọ ẹni tó wà á wá. Mo rò pé ìrìn láti abẹ́ máńgòrò dé àgọ́ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n rí wọn láti gèlè dé bàtà góòlù, bí a ṣe ń rí ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó bá páàkì sẹ́nu ọ̀nà ti pàdánù ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ èyí fún ní àsọdùn ni. Ó ní oòrùn ni màmá mi ń sá fún, òjìji igi ni wọ́n ń wá fún ọkọ̀ wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń lọ sí àríyá alẹ́ náà, abẹ́ máńgòrò yẹn náà la sì ń páàkì sí.