Ìyá Ìbejì ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ni gbogbo àdúgbò bá kó ẹrù dé!

Ní Èrúwà, kò sẹ́ni tó ń dá nìkan lọ sókè òkun. Òótọ́ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fún ní físà, orúkọ ẹnì kan náà ló sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tú àpótí ẹ̀ wò, ẹ máa bá ẹrù ìyá ẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa bá ti àǹtí ẹ̀, ẹ máa bá ti aládùúgbò, títí dórí ti ìyàwó pásítọ̀ tó lẹ́nì kan ní Manchester. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń wọn ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà kò mọ ìyàwó pásítọ̀ rí. Kílò 23 fún àpótí kan làwọn mọ̀.

Ẹ gbọ́ ti ìyá ìbejì kan nílùú náà. Oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, ló fẹ́ẹ́ lọ kàwé másítà ọdún kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ ìlú tó ń lọ jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Àwọn ìbejì ẹ̀ ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ká ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló ráyè lọ ni, ó ṣeé ṣe kó kó wọn dání. Àmọ́ lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni Suella Braverman, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn nígbà náà, kéde pé bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó bá ń bọ̀ wá ka irú másítà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́, àfi àwọn tó bá wá ṣe iṣẹ́ ìwádìí nìkan. Owó tí wọ́n ń wá ni kò tètè pé. Nígbà tó fi máa pé, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Bí àwọn ìbejì ṣe di ti ìyá àgbà nìyẹn, tí ìyá wọn wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, tó ń di ẹrù ẹnì kan.

Ìyá àgbà ò dá sọ́rọ̀ físà. Oúnjẹ ni tiẹ̀. Èlùbọ́ kóńgò mẹ́fà ló kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, ó tún gbé láfún, gaàrí, ẹ̀wà, irú, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀gúsí tí wọ́n ti pa, torí pé ọmọ Ìbàràpá kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa gbọ́ pé ó ń ra ẹ̀gúsí. Ó wá fi ẹran ìgbẹ́ kan tí ọdẹ yan gbẹ, tó fi ìwé sìmẹ́ńtì wé, dé gbogbo ẹ̀ lórí. Báàgì Ghana-Must-Go ló kó wọn sí. Ẹ̀yin náà mọ bí báàgì yìí ṣe gba orúkọ: lọ́dún 1983 ni ìjọba Shagari lé àwọn ará Ghana kúrò nílẹ̀ yìí, òun ni wọ́n ń fi kó ẹrù wọn. Kí wọ́n tó ṣe tiwọn, Ghana náà ti lé àwọn èèyàn wa lọ́dún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìjọba Busia fún ẹni tí kò bá níwèé kó palẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni ẹrù tí èèyàn ń dì pẹ̀lú omijé.

"Màámi, wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Peckham o," ni Ìyá Ìbejì sọ.

"Ta ló ń jẹ́ Pẹ́kàmù? Ṣé ó mọ èlùbọ́ tèmi ni?"

Kò kúkú parọ́. Ní Peckham àti Ridley Road ní Lọ́ńdọ̀nù, èlùbọ́ wà, gaàrí wà, ẹ̀gúsí náà wà. Ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù ni pé pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń rà á, látìgbà tí ìjọba sì ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023, pọ́n-ùn ti di ohun tí wọ́n ń fi ìbẹ̀rù dárúkọ. Ẹni tó bá ṣírò iye tí kóńgò kan máa jẹ́ lọ́hùn-ún kò ní í bá ìyá àgbà jiyàn mọ́.

Àmọ́ ẹran ìgbẹ́ yẹn ò lè lọ. Òfin wọn ò gbà kí arìnrìn-àjò kó ẹran tàbí wàrà láti Nàìjíríà wọlé, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n yan, ì báà jẹ́ pọ̀nmọ́, gbígbà ni wọ́n máa gbà á. Ẹja ni wọ́n fàyè gbà, ó sì tó kílò 20. Ewé tútù bí ìlasa náà, ó di kéèyàn gba ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ irúgbìn wò, ta ló fẹ́ẹ́ gbàwé torí ìlasa ìkòkò kan? Ti ẹ̀wà tiẹ̀ tún burú, torí ọdún 2015 làwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá lára ẹ̀. Wọ́n yọ ẹ̀wà, wọ́n yọ ẹran. Inú ìyá àgbà ò dùn, àmọ́ àwọn ọmọ ilé jẹ ẹran ọ̀hún lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ti aṣọ, Ìyá Ìbejì fẹ́ẹ́ kó aṣọ ẹbí mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ti lọ ṣáájú pè é, ó ní kó mú ìró àti bùbá kan, kó gbàgbé ìyókù, pé oṣù Kìn-ín-ní lóun ń bọ̀, òtútù ò mọ aṣọ ẹbí. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ìbọ̀wọ́, fìlà onírun àti jákẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó wá. Ó rí jákẹ́ẹ̀tì kan lọ́jà òkìríkà. Lébẹ́ẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù òyìnbó ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ìyẹn ni pé òkun ni jákẹ́ẹ̀tì yìí gbà wá, obìnrin Èrúwà ló tún ń gbé e padà sílé ẹ̀. Ọ̀rẹ́ yẹn ló tún sọ fún un pé kó má náwó sórí púlọ́ọ̀gì, torí onígun mẹ́ta tiwọn náà ni tiwa, ẹni tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà ló yẹ kó ronú ìyẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, bọ̀dá kan láti òpópónà kejì gbé páálí kékeré kan wá, wọ́n ti fi séètépù wé e yíká. Ó ní gaàrí àti àgbo díẹ̀ ni, pé àbúrò òun máa wá gbà á. Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jọ tú u wò."

Ojú bọ̀dá yí padà. "Ṣé wọ́n ní mò ń ta igbó ni?"

Ìyá àgbà ń fojú bá ọmọ ẹ̀ wí, torí pé ìdílé ọkùnrin yìí ló dúró tì wọ́n nígbà tí bàbá wọn kú. Obìnrin náà ò ya aláìmoore. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Zainab Aliyu, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Kánò tó tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ lọ ṣe úmúrà ní Saudi Arabia lóṣù Kejìlá ọdún 2018. Báàgì kan tí wọ́n so orúkọ ẹ̀ mọ́ dé sọ́hùn-ún, tramadol ni wọ́n bá nínú ẹ̀. Báàgì ọ̀hún kì í ṣe tiẹ̀, pápákọ̀ òfurufú Kánò làwọn kan ti so orúkọ ẹ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀, ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2019, lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà dá sí i, ni wọ́n tó fi í sílẹ̀, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń bẹ́ orí ẹni tó bá gbé oògùn olóró wọlé. Ẹni tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn o!

Bọ̀dá gbé páálí ẹ̀, ó bínú lọ. Ó lè jẹ́ gaàrí lásán ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò kí wọn mọ́ títí tí wọ́n fi lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé àpótí méjèèjì lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja yìnyín, torí òun ló ní òṣùwọ̀n tó dáa. Ìkíní wọn kílò 31, ìkejì wọn 29. Obìnrin náà nawọ́ sí páálí ẹja kan, ó ní, "Ìyá, kílò 20 nìyí. Ẹ fi mẹ́ta lé e, ó parí." Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ìyá àgbà. Ìkòkò jáde, bàtà jáde, ẹrù ìyàwó pásítọ̀ jáde. Orógùn nìkan ni wọ́n ò lè yọ.

Nísàlẹ̀ àpótí kejì ni ìyá àgbà ti rí síńgílẹ́ẹ̀tì kéékèèké méjì tí wọn ò tíì fọ̀. Ó ní kóun bá a fọ̀ wọ́n.

"Màámi, ẹ má fọ̀ wọ́n."

Ìyá àgbà wò ó, kò fèsì. Ó ká a méjèèjì, ó kì wọ́n bọ inú báàgì ọwọ́, níbi tí páásípọ́ọ̀tù, sátífíkéètì, èsì àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, yẹ́lò káàdì, power bank àti oògùn tó ṣì wà nínú páálí ẹ̀ wà, torí àwọn yẹn kì í bá àpótí lọ sábẹ́ bàálù. Ìgò àgbo tó fẹ́ẹ́ fi tẹ̀ lé e ni wọ́n dá dúró, látọdún 2006 ni wọ́n ti ń gba ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ lọ́wọ́ èèyàn.

Òru ni wọ́n gba ọ̀nà Ìdó jáde. N'Íkẹjà, jákẹ́ẹ̀tì òtútù wà lọ́rùn ẹ̀ nínú ooru kó má bàa wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, ó ń làágùn bí ẹni tó ń ro èbè. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n tiwọn ò bá ti ẹlẹ́ja mu, kílò méjì lé. Wọ́n yọ èlùbọ́, dẹ́rẹ́bà gbé e padà wálé.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà ro ó fáwọn ìbejì. Èyí Táyé jẹ tiẹ̀ tán. Èyí Kẹ́yìndé ní kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ de màámi òun, ìyá àgbà sì bù ú sínú abọ́, ó dé e.