"Ó Ṣojú Mi Kòró": Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù àti Góòlù Tí Rẹfirí Kò Kà

Kò sí àní-àní pé ọ̀kan lára ibi tí èdè Yorùbá ti ń rí iṣẹ́ gidi ṣe lóde òní ni ìdí àtíbàbà àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn. Kí oòrùn tó mú láàárọ̀, àwọn ọkùnrin á ti pé jọ síbẹ̀: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọlọ́kadà tí kò tíì rí èrò gbé, télọ̀ tí iná mànàmáná kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kíláàsì títí di aago mẹ́wàá. Púpọ̀ nínú wọn kì í ra ìwé kankan. Wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn á ka àkọlé iwájú, wọn á yí i sí ojú ewé ẹ̀yìn tí ìròyìn eré ìdárayá máa ń wà, iyàn á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹgbẹ́ akàwé-lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó ni ìwé pàápàá kì í lé wọn, nítorí ariwo wọn a máa dá oníbàárà dúró.

Wọ́n ń jiyàn òṣèlú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyàn òṣèlú kì í pẹ́ di ìjà, àgbà ibẹ̀ a sì tètè pa á. Iyàn bọ́ọ̀lù ni kì í tán. Ohun tí ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń to ẹ̀rí lé ara wọn. Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì ń lo òwe yìí bí ẹni ń lo òfin ilé ẹjọ́. Ẹni tó bá ní "wọ́n ní" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò sàn díẹ̀, ẹni tó ní òun wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n sì ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá lè dìde kí ó ní, "Ó ṣojú mi kòró, mo wà ní pápá lọ́jọ́ náà," gbogbo àwùjọ ní láti dákẹ́ fún un.

Àwọn tó dàgbà jù níbẹ̀ mọ ìgbà tí rédíò ni ojú gbogbo ayé. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 1980, Nàìjíríà na Àlgéríà ní 3-0 ní Súrùlérè láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí Ernest Okonkwo bá sọ lórí rédíò ni ó ṣẹlẹ̀. Ó ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ìnagijẹ bí akéwì ṣe ń ki ènìyàn. Òun ni wọ́n ní ó sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", orúkọ náà kò sì kúrò lára ọkùnrin náà títí di òní. Bí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, iyàn kò lè pọ̀. Ta ni yóò já a nírọ́?

Ọjọ́ 13, oṣù Kejì, ọdún 2000 ni ètò ẹ̀rí yìí dojú dé. Pápá ìṣeré Súrùlérè kan náà ni. Nàìjíríà àti Gánà ni wọ́n jọ gba ìdíje náà lálejò lẹ́yìn tí wọ́n gbà á kúrò lọ́wọ́ Zimbabwe, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù sì ni wọ́n jọ kángun sí àṣekágbá. Samuel Eto'o gbá ọ̀kan wọlé, Patrick Mboma gbá èkejì, gbogbo pápá sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kí wọ́n tó lọ sinmi, Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà. Bí wọ́n ṣe tún wọlé dé báyìí, Jay-Jay Okocha ta bọ́ọ̀lù kan láti òkèèrè, ó di ọ̀mì, 2-2. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí tí ọ̀rọ̀ fi di pẹnáritì.

Victor Ikpeba, ẹni tí wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lọ́dún 1997, wà lára àwọn tó gbá a. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ lu abẹ́ irin ìdábùú òkè, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó sì ta padà síta. Rẹfirí, Mourad Daami ará Tùnísíà, ní kò wọlé. Kamẹrúùnù gba ife lọ pẹ̀lú 4-3.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó kan ìmọ̀ èdè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló wà ní pápá lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ibi tí bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí. Ibi tí wọ́n jókòó sí jìnnà, ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò sì gùn tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó jókòó sí pálọ̀ wọn nílé, tí iná kò lọ lọ́wọ́ wọn, ni tẹlifíṣọ̀n tún un fi hàn lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, tí bọ́ọ̀lù sì hàn gedegbe lẹ́yìn ìlà. Ọkọ sanwó wọlé sí pápá, ó padà délé, ìyàwó rẹ̀ tí kò jáde ni ó wá ń ròyìn fún un. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò rí i. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló rí i. Ìròyìn wá tó àfojúbà, ó tilẹ̀ tún jù ú lọ.

Títí di òní, iyàn yẹn kò kúrò nílẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń jà á tó ohun tí olùkọ́ èdè yóò fi sí ìwé. Ọmọdé kò lè wo ojú àgbàlagbà tó wà ní Súrùlérè kí ó ní irọ́ ló ń pa. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ ni, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí wọ́n fi yín jókòó sí ni kò dára." Ẹ̀bi ti kúrò lórí ojú bàbá, ó ti bọ́ sórí àga. Bàbá náà mọ̀ pé wọ́n ti já òun, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò ti bínú. "Ìwọ ọmọ yìí, o gbọ́n," ni yóò fi dá a lóhùn, yóò sì yí iyàn náà gba ibòmíràn. Ọgbọ́n bí a ṣe ń ta ko àgbà láìrí i fín kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé àkàgbádùn tí wọ́n ń kà ní kíláàsì. Ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ń lò náà kò gbẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù a máa "wọlé" ní èdè Yorùbá, bí ènìyàn ṣe ń wọlé. Láti ibẹ̀ ni télọ̀ ti máa ń bá Ikpeba rojọ́: ẹni tó bá wọlé tí ó tún jáde, ṣé a lè sọ pé kò wọlé rárá ni? Ìbéèrè náà lágbára. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn máa ń fi àwọ̀n dáhùn, wọ́n á ní àwọ̀n kò mì, bọ́ọ̀lù tí kò sì mi àwọ̀n kì í ṣe góòlù. Ojú ni ó mọ́ wọn lára láti máa fi àwọ̀n mọ góòlù. Òfin kò sọ pé bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ mi àwọ̀n kí ó tó di góòlù. Ohun tí òfin sọ ni pé kí bọ́ọ̀lù kọjá ìlà tán pátápátá, láàárín òpó méjèèjì, lábẹ́ irin òkè. Télọ̀ ló bá òfin mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kà á rí.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní àṣekágbá ife àgbáyé ọdún 1966 ní Wembley, bọ́ọ̀lù Geoff Hurst lu irin òkè, ó bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kà á fún England. Àwọn ará Jámánì kò gbà títí di òní pé ó wọlé. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 2010, ní Bloemfontein, tí Frank Lampard gbá tirẹ̀ kọjá ìlà dáadáa, Jámánì ni rẹfirí gbè, England sì fìdí rẹmi ní 4-1. Ọ̀rọ̀ Lampard ni ó ta àwọn aláṣẹ jí. Ní ọdún 2012, IFAB, àjọ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù, fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà ẹnu ilé. Ní ife àgbáyé ọdún 2014 ní Bràsíìlì, bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ìlà, aago ọwọ́ rẹfirí ni yóò sọ fún un. Àwọn ará Súrùlérè a máa béèrè pé kí ló dé tí ti Ikpeba kò ta ẹnikẹ́ni jí fún ọdún méjìlá gbáko. Kò tíì sí ẹni tó rí ìdáhùn gidi fún wọn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ̀rọ yóò pa iyàn. Rẹfirí á wo àwòrán, òtítọ́ á hàn, ó tán. Lẹ́yìn náà ni ife àgbáyé ọdún 2018 dé, tí wọ́n kọ́kọ́ lo VAR, ètò tí rẹfirí fi ń yẹ àwòrán wò.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún náà, ní ìlú St Petersburg ní Rọ́ṣíà, Nàìjíríà àti Ajẹntínà wà ní 1-1. Lionel Messi ló kọ́kọ́ gbá wọlé, Victor Moses sì fi pẹnáritì dá a padà. Bí eré náà bá parí bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà ni yóò tẹ̀ síwájú. Ni bọ́ọ̀lù kan bá dé iwájú ilé Ajẹntínà. Marcos Rojo fi orí kàn án, bọ́ọ̀lù náà sì bọ́ lu apá òun fúnra rẹ̀. Rẹfirí, Cüneyt Çakır ará Tọ́kì, lọ wo àwòrán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó padà, ó ní kò sí pẹnáritì. Ohun tó wọ àwọn ènìyàn léegun ni pé Rojo yìí kan náà ló gbá góòlù tó lé Nàìjíríà wálé ní ìṣẹ́jú 86.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tí kò rí i. Gbogbo ayé rí apá, gbogbo ayé rí bọ́ọ̀lù, rẹfirí pàápàá rí i. "Ó ṣojú mi kòró" kò níye lórí mọ́, nítorí ó ṣojú gbogbo ènìyàn. Iyàn náà wá kúrò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bọ́ sórí ohun tí à ń pè é: ṣé ọwọ́ ló lọ bá bọ́ọ̀lù ni, àbí bọ́ọ̀lù ló wá bá ọwọ́? Olùkọ́ gírámà tó bá gbọ́ gbólóhùn méjì yìí kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú méjèèjì; olùwà àti àbọ̀ ni wọ́n pààrọ̀ àyè. Ṣùgbọ́n orí olùwà ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Bí ọwọ́ bá jẹ́ olùwà, pẹnáritì ni. Bí ó bá jẹ́ àbọ̀, kí eré máa lọ. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe gírámà fi odindi ọ̀sẹ̀ kan jà lórí ipò ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn.

Ẹ̀rí tó lágbára jù tí àwọn tó ń bínú mú wá ni ti Iran. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, rẹfirí ti wo àwòrán, ó sì fún Iran ní pẹnáritì nígbà tí bọ́ọ̀lù lu apá Cédric Soares ti Portugal. Wọ́n ní ohun tó bá tọ́ sí Iran tọ́ sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ yóò rí ìyàtọ̀ kan: orí ọ̀tá ni bọ́ọ̀lù ti lọ bá apá Soares, orí ara rẹ̀ ni ó ti bá apá Rojo. Àwọn kan rí ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tó bá sì sọ ọ́ jáde ní ìdí àtíbàbà lọ́sẹ̀ yẹn rí èébú he; wọ́n á bi í bóyá ará Ajẹntínà ni ó bí i. Ní ọdún 2019, IFAB kọ ọ́ sínú òfin pé bọ́ọ̀lù tó bá ti orí tàbí ara agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lọ tààrà bá ọwọ́ rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí àwọn tó bú ẹni náà padà wá bẹ̀ ẹ́. Ibí yìí gan-an ni iyàn bọ́ọ̀lù ti ń ṣòro ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ó rọrùn láti jà fún Ikpeba, nítorí tiwa ni, ó sì tún jẹ́ òtítọ́. Ti Rojo ni ó ń béèrè pé kí ènìyàn ya ìfẹ́ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nínú kíláàsì, nǹkan kò rí báyìí. Wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ aláríyànjiyàn lórí "Iṣẹ́ olùkọ́ sàn ju iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ", yóò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alága ìjókòó, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè àti olùṣọ́ àkókò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí adájọ́ kankan níwájú rẹ̀, olùṣọ́ àkókò sì ti lọ sí ilé oúnjẹ. Kò ní gbé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò. Kò ní dá ẹni tí kò bá a gbà lóhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí kan náà ni ó gba àga mọ́ bàbá lẹ́nu láàárọ̀ láìrí i fín. Olùkọ́ tó bá gbé Soares àti Rojo fún un pé kí ó kọ ojú ewé méjì lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, ó ṣeé ṣe kí ó rí Yorùbá tí kò rò pé ọmọ náà ní lẹ́nu, títí kan èyí tí yóò fi àmì pupa fagi lé.

Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 ti pọ̀ ní ìdí àtíbàbà báyìí. Orí fóònù ni wọ́n ti wo bọ́ọ̀lù Ikpeba, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti wò ó. Bí iyàn náà bá tún bẹ̀rẹ̀, tí fóònù sì wà lápò, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi ìka fa ìlà sórí ilẹ̀, wọ́n á sì ní ó ṣojú àwọn kòró.