Kọfí Yíyan: Ọ̀rọ̀ Wà Nílẹ̀



Kọfí yíyan nílé ni mo fi ń dá ara mi lára yá bí iṣẹ́ olùkọ́ bá dilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a lè fi ṣàlàyé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èsì mi nìyí.

A máa ń sun iṣu, a máa ń dín dòdò, ṣùgbọ́n a máa ń yan ẹ̀pà. Yíyan ni ti kọfí náà: nínú agbada gbígbẹ, kí ọwọ́ má sì dúró. Kóró tútù rẹ̀ dà bí ewé. Yóò pọ́n, yóò sì ṣú díẹ̀díẹ̀. Bí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yóò máa ta pàà! pàà! Láìpẹ́ sí i, mo máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo sì máa ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù bíi ti ẹ̀pà. Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Ó ku espresso. Mo máa ń lọ gíráàmù 18 kúnná, mo máa ń kì í dáadáa, ẹ̀rọ á sì fi agbára tó ìlọ́po 9 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ti omi gbígbóná gba inú rẹ̀. Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, nǹkan bíi gíráàmù 36 á ti kán sínú ife.

Yan, ta, fẹ́, lọ̀, kì: èwo ni a yá nínú wọn? Wọ́n kúkú ń gbin kọfí ní agbègbè Kàbà, níbi tí a ti ń sọ ẹ̀ka-èdè Owé. Ẹ jẹ́ kí a máa lo ohun tí a ní.

Ire o.