Mọ́tò Bàbá Mi Àti Àga Ọmọ Mi

Bí ẹ bá kọjá ní àdúgbò Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n, lọ́jọ́ Sátidé kan, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó forí bọ inú mọ́tò kékeré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà níta, tó ń làágùn bí ẹni tó ń gúnyán fún ogún èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọlọ́pàá. Èmi ni. N kò jí mọ́tò. Àga ọmọ ni mò ń dè.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ mú un wá. MGB GT ni mọ́tò náà. Ìlú Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe é láyé ọjọ́un. Ọdún 1962 ni MGB olórùlé aṣọ jáde, GT tó ní òrùlé gidi tẹ̀lé e ní 1965, ní 1980 ni wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ Abingdon pa. Mọ́tò kúkurú ni, ó rẹlẹ̀, imú rẹ̀ sì gùn. Bí o bá jókòó sínú rẹ̀, wàá rò pé orí títì gan-an lo fìdí lé. Ìjókòó méjì gidi ló wà níwájú. Ti ẹ̀yìn, ẹ ṣáà jẹ́ ká máa pè é ní ìjókòó, torí àpò ọjà ló yẹ ẹ́ ju èèyàn lọ.

Bàbá mi wá kàwé sí Lọ́ńdọ̀n ní 1973. Ní 1976 wọ́n ra mọ́tò yìí lọ́wọ́ Òyìnbó kan. Ti ọdún 1972 ni, aláwọ̀ ewé. Tòkunbọ̀ tí kò kọjá òkun rí ni! Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú. Lọ́jọ́ Àìkú, agbádá ni wọ́n máa ń wọ̀ tí wọ́n bá ń wà á lọ òde, etí agbádá á sì máa yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn bí àsíá. Nígbà tí wọ́n jáde láyé ní 2019, àwọn àbúrò mi pín aago àti aṣọ. Èmi ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ìyàwó mi kò rí i bẹ́ẹ̀. "Bàbá Àdùkẹ́," ló máa ń wí, "ẹ dákun, ṣé mọ́tò lẹ ní àbí òrìṣà? Ẹ ń sanwó gáréèjì lóṣooṣù, ẹ ń ta epo sí i, kò sì gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan." Kò sì parọ́. Mọ́tò tirẹ̀, Toyota, ní irin kéékèèké méjì tí wọ́n ti jó mọ́ ara rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Àga ọmọ á há mọ́ ọn, á dún "kọ̀", ó parí. Mọ́tò bàbá mi kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ fún ìyàwó mi. Àpá kan wà níwájú orí mi, lábẹ́ irun. Ọdún 1988 ló débẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Mo dúró sẹ́yìn nínú mọ́tò yìí, mo di àga bàbá mi mú, à ń lọ ní Old Kent Road. Ajá kan já sójú títì, bàbá mi tẹ bíréèkì. Wọ́n de bẹ́líìtì tiwọn, torí pé láti 31 oṣù Kìn-ín-ní 1983 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá wà níwájú máa dè é. Èmi tí mo wà lẹ́yìn, òfin kò tíì dárúkọ mi: ọdún 1989 ló tó kan ọmọdé tó jókòó sẹ́yìn, 1991 ló kan àgbàlagbà. Mo fò wá síwájú, orí mi gbá irin kan, ẹ̀jẹ̀ bo àga bàbá mi.

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi kò gbé mi sínú mọ́tò náà mọ́. Ọmọdé kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé mo ba àga wọn jẹ́, wọ́n sì bínú. Ní 1990, màámi kó èmi àti àwọn àbúrò mi padà sí Ìbàdàn, bàbá mi dúró sí Lọ́ńdọ̀n. Mo gbé èrò yẹn dàgbà, mo gbé e padà wá sí Lọ́ńdọ̀n, mo gbé e wọlé ìyàwó, mo gbé e títí mo fi bímọ.

Lọ́dún 2024 tó pé ọdún márùn-ún tí bàbá mi ti lọ, màámi wá láti Ìbàdàn. A fẹ́ lọ sí ibojì wọn lọ́jọ́ Sátidé. Mo bá pinnu nínú ara mi pé Àdùkẹ́, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ oṣù 20 nígbà náà, mọ́tò bàbá àgbà rẹ̀ ló máa gbé e lọ. Èmi tí wọ́n lé kúrò nínú mọ́tò náà, ọmọ tèmi á wọ̀ ọ́.

"Ṣé ẹ mọ òfin?" ni ìyàwó mi bi mí.

Mo mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ sí takisí àti irú rẹ̀ díẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò láìsí àga tó bá a mu. Bí mọ́tò kò bá sì ní bẹ́líìtì rárá, ọmọ náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Awakọ̀ ni wọ́n máa mú, owó ìtanràn sì lè tó £500. Jíjẹ́ ti àtijọ́ kò yọ mọ́tò sílẹ̀ nínú èyí. Mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún, tí wọn kò yí i padà, ìjọba kì í gba owó orí rẹ̀. Láti 2018, wọn kì í sì fi dandan yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún mọ́. Ṣùgbọ́n ti orí ọmọdé, wọn kò fi ìyẹn ji ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Àga ọmọ náà fẹ̀ bí àga ọba. Mo yí i, mo dojú rẹ̀ dé, mo gbé e gba búùtù, torí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò yìí máa ń ṣí sókè. Nígbà tó wọlé tán, orí rẹ̀ kan òrùlé. Èyí tó wá burú jù ni pé kò sí bẹ́líìtì kankan lẹ́yìn mọ́tò wa. Mo pe ẹ̀gbọ́n kan lórí fóònù, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti ń tún mọ́tò ṣe nílùú yìí ọjọ́ ti pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé n kò lè lu ihò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́tò, kí n fi bóòtù de bẹ́líìtì mọ́ ọn?"

"O ò gbọdọ̀ dán an wò!" ni wọ́n ké. "Páànù lásán ló wà nílẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, bóòtù á fa páànù ya bí ìwé. Bóòtù bẹ́líìtì máa ń nípọn, 7/16 íńṣì ni, irin pẹlẹbẹ sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn páànù tó máa gbà á dúró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ jó o. Àti pé, ṣé o ti gbàgbé pé abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì wà? Méjì ni, oní-fóòtì 6 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lu ihò síbẹ̀ láìwòye, iná ló ń wá."

Ó ku iwájú. Mọ́tò ìsinsìnyí ní àpò afẹ́fẹ́ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó máa ń bú jáde nígbà ìjàǹbá. Ìdí nìyẹn tí a kò gbọdọ̀ fi gbé àga ọmọ tó kọjú sẹ́yìn síbẹ̀, àfi bí a bá kọ́kọ́ pa àpò náà. Mọ́tò bàbá mi kò ní. Mo ní ayọ̀ mi dé. Mo fẹ́ kí Àdùkẹ́ kọjú sẹ́yìn, bó ṣe ń ṣe nínú mọ́tò ìyá rẹ̀. Òfin gbà kí ọmọ tó kọjá oṣù 15 kọjú síwájú nínú irú àga tiwa, ṣùgbọ́n orí ọmọdé wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le. Bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ọmọ tó kọjú sẹ́yìn á fi gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ mọ́ àga. Ọrùn nìkan kò ní ru ẹrù orí. Bertil Aldman, onímọ̀ ará Sweden, ló dán irú àga yìí wò pẹ̀lú Volvo ní 1964, lẹ́yìn tó rí bí àwọn tó ń lọ sí òfuurufú ṣe máa ń fẹ̀yìn ti àga wọn. Nígbà tó fi di 1972, Volvo ti gbé tirẹ̀ jáde. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣe mọ́tò bàbá mi! Ọgbọ́n náà ti wà láyé, kò kàn tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní Old Kent Road ni.

Bẹ́líìtì ló já mi kulẹ̀. Bẹ́líìtì àtijọ́ ni, kì í fà gùn fúnra rẹ̀. Mo na án títí, ó ku bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kó dé ibi tó ti ń há. Mo bá ṣe ohun tí aláìnísùúrù ń ṣe: mo yí àga kọjú síwájú. Bẹ́líìtì dé, ó dún "kọ̀"! Mo jáde, mo nu òógùn, mo pe ìyàwó mi: "Wá wò ó! Ó ti wọlé!"

Ó wá, ó di àga náà mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, ó mì í. Kò yẹ kó yẹ̀ ju nǹkan bí íńṣì kan lọ. Àga ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí eyín tó fẹ́ yọ. Nígbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé ibi tí bẹ́líìtì ti há sùn lé etí àga. Bó ti wù kí n fà á tó, kò lè fún. Ohun tó bá sì gbára lé etí bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ tàbí kó ṣí lọ́jọ́ tí nǹkan bá le.

"Ó wọlé lóòótọ́," ni ìyàwó mi wí, "ṣùgbọ́n kò bá a mu."

Inú bí mi. Mo ní ibi tí à ń lọ kò jìnnà. Mo ní mi ò ní sáré. Mo ní ṣebí bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe dàgbà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn fún yín, ẹ kọ́kọ́ wo iwájú orí rẹ̀.

Màámi ti jáde síta, Àdùkẹ́ wà lẹ́yìn wọn, òjá fún pinpin. Wọ́n wo àga, wọ́n wò mí.

"Àkànní, nígbà tí mo bá fẹ́ pọ̀n ọ́ lọ sọ́jà, ṣé mo máa ń bèèrè bóyá ọ̀nà jìn kí n tó so òjá le?"

"Rárá, màámi."

"Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tó pọ̀n ọ́n ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Òjá tó bá ń mì, kì í ṣe òjá mọ́, aṣọ lásán ni."

Mo dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ohun tó ti há mi lọ́fun fún ọdún 36 bọ́ jáde. "Màámi, láti ọjọ́ tí mo fi ẹ̀jẹ̀ ba àga bàbá jẹ́, wọn ò gbé mi sínú mọ́tò yìí mọ́. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mi wọ̀ ọ́ ni."

Màámi wò mí títí. "Ta ló sọ fún ọ pé torí àga ni? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ ò jẹun. Wọ́n jókòó ti ibùsùn rẹ títí ilẹ̀ fi mọ́, wọ́n ń gbọ́wọ́ lé ọ láyà bóyá ò ń mí. Gbolohùn kan náà ni wọ́n ń tún sọ: 'Mo de ara mi, n kò de ọmọ mi.' Wọ́n ní o ò ní wọ mọ́tò náà mọ́, àfi bí àwọn bá rí ohun tí àwọn lè fi dè ọ́ dáadáa. Wọn ò rí i. Àbí o ò rántí ni? Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé ọ wọ̀ lọ sílé ìwé láràárọ̀, tí mọ́tò ń wò wọ́n nílẹ̀."

Mo rántí. Mo rántí bọ́ọ̀sì pupa, àjà òkè, iwájú gan-an, àti ọwọ́ bàbá mi tó gbá mi níkùn mú bí bẹ́líìtì. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń jẹ mí níyà.

Mo tú àga náà. Ìyàwó mi na kọ́kọ́rọ́ Toyota sí mi, mo ní kó jẹ́ ká wọ bọ́ọ̀sì. Òun àti màámi jókòó nísàlẹ̀, èmi àti Àdùkẹ́ gun òkè lọ síwájú gan-an. N kò ní láti sọ fún yín ibi tí mo fi ọwọ́ mi sí.

Mọ́tò bàbá mi ṣì wà nínú gáréèjì. N kò tà á, ìyàwó mi náà kò sì dárúkọ títà mọ́. Ẹ̀gbọ́n ń bá mi wá bẹ́líìtì tuntun tó gùn, èyí tó máa wọ ojú bóòtù tí ilé iṣẹ́ ti ṣe síwájú mọ́tò. Bó bá dé, a ó tún gbé àga síbẹ̀, a ó tún mì í. Bó bá mì, yóò tún jáde. N kò ní bínú mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò àtijọ́ àti ọmọ tuntun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìfẹ́ mọ́tò fọ̀ yín lójú. Ẹ wò ó bóyá bẹ́líìtì gùn tó. Ẹ wo ibi tó ti há, kó má sùn lé etí àga. Ẹ di àga mú, kí ẹ mì í bí ẹni tó ń bá a jà. Wíwọlé kọ́ ni bíbámu.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń gbé Àdùkẹ́ lọ sí gáréèjì. A ó ṣí ilẹ̀kùn, a ó jókòó sínú mọ́tò bàbá àgbà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wà ní pípa, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò mi. Á tẹ hóònù, á rẹ́rìn-ín, á tún tẹ̀ ẹ́. Kò tíì mọ̀ pé a kò lọ síbì kankan.